Síìtì Ẹ̀yìn Náà Ní Bẹ́líìtì O

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín nípa bẹ́líìtì mọ́tò, wọ́n ní wàhálà lásán ni, wọ́n ní torí ọlọ́pàá lèèyàn ṣe ń so ó, wọ́n ní tí mọ́tò bá gbiná tàbí tó bá wọ odò, bẹ́líìtì yẹn gan-an ló máa de èèyàn mọ́bẹ̀. Mi ò fẹ́ bá bàbá jà, àgbà ni wọ́n, ó hàn nínú bí wọ́n ṣe kọ̀wé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kí n máa kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà ni mò ń ṣe, ohun tí wọ́n kọ yẹn gẹ́lẹ́ sì ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí mò ń kọ́, àwáwí kan náà, bó ṣe rí lẹ́nu àgbà ló rí lẹ́nu ọmọdé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fèsì. Èyí tó wá ká mi lára jù ni ibi tí wọ́n ti ní ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ò nílò nǹkan kan torí síìtì iwájú á gbà á dúró. Ẹ jọ̀ọ́, nínú mọ́tò ẹbí, ta ló ń jókòó sẹ́yìn? Àwọn ọmọ ni, ìyá àgbà ni, ìyàwó tó gbé ìkókó dání ni. Dírẹ́bà á so bẹ́líìtì tiẹ̀ torí ojú ń rí i, gbogbo àwọn tó fẹ́ràn jù láyé á wá wà lẹ́yìn ẹ̀ láìsí ohun tó dì wọ́n mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí mọ́tò bá ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, kì í ṣe mọ́tò nìkan ló ń sáré yẹn o, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló jọ ń sá a, dírẹ́bà, ọmọ, báàgì, ike omi tó wà nílẹ̀. Tó bá wá forí sọ nǹkan, mọ́tò á dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ara tèèyàn pé kó dúró, ara ṣì ń lọ ní 50 yẹn títí tí nǹkan kan á fi dá a dúró, nǹkan ọ̀hún á wá jẹ́ sitíárìn tàbí dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí gíláàsì iwájú, tàbí ẹ̀yìn orí ẹni tó jókòó síwájú ẹ. Ara á dúró tán, ọpọlọ ṣì ń lọ, á lọ gbá agbárí láti inú, ẹ̀dọ̀ náà ń lọ, ìfun náà ń lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń ní ìkọlù mẹ́ta ló wà nínú jàǹbá kan ṣoṣo. 50 yẹn tá à ń pè ní eré pẹ̀lẹ́, agbára tó wà nínú ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ẹni tó já bọ́ látorí òrùlé ilé alájà mẹ́ta, bíi mítà 10 sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbà láti bẹ́ látibẹ̀ kó ní òun á fọwọ́ gbé ara òun dúró nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni yẹn kan náà ló máa sọ fún mi pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ òun á yáa fọwọ́ ti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọwọ́ wo? Gbogbo ìkọlù yẹn ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, ojú ò tíì ṣẹ́ tán ó ti parí. Tí eré bá wá kúrò ní 50 tó bọ́ sí 100, agbára ẹ̀ ò ní di ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ló máa dà.

Iṣẹ́ tí bẹ́líìtì ń ṣe ò ju pé ó so èèyàn mọ́ mọ́tò lọ, kí èèyàn àti mọ́tò lè jọ dúró. Bí iwájú mọ́tò ṣe ń rún wọlé ni eré ń dín kù, ẹni tó so bẹ́líìtì á jẹ nínú àǹfààní yẹn, ẹni tí kò so ó ṣì ń fò lọ ní tiẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó sì tún ń gbé ìnira náà lọ síbi tó le lára, egungun ìbàdí, àyà àti èjìká, dípò ojú àti ikùn.

Ọ̀rọ̀ iná àti omi tí bàbá sọ, mi ò ní kò lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n jàǹbá tí mọ́tò ti gbiná tàbí tó ti wọ odò kéré gan-an láàárín gbogbo jàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀, ká tiẹ̀ wá ní ó ṣẹlẹ̀, ta ló máa lè jáde, ṣé ẹni tó ti forí fọ́ gíláàsì tó ti dákú ni, àbí ẹni tí bẹ́líìtì gbá mú tí ojú ẹ̀ ṣì dá? Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti tú. Ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀ bá ṣì ń bà kó ra ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gé bẹ́líìtì, èyí tó ní ohun tí wọ́n fi ń fọ́ gíláàsì lára, kó fi síbi tọ́wọ́ ti máa tó o, kì í ṣe inú búùtù o. Àwọn kan tún máa ń sọ pé ó sàn kí mọ́tò ju èèyàn síta. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ní Amẹ́ríkà, nínú jàǹbá tó mú ikú dání, tẹ́ ẹ bá kó 100 èèyàn tí mọ́tò jù síta pátápátá jọ, ó ju 75 lọ nínú wọn tó ń kú. Èèyàn á já lu títì tàbí kó já lu igi, nígbà míì mọ́tò tó jù ú síta á tún yí gbà á mọ́lẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sẹ́yìn. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Cyrus Mistry, oníṣòwò ńlá ilẹ̀ Íńdíà tó ti fìgbà kan jẹ́ alága iléeṣẹ́ Tata Sons, wà nínú mọ́tò Mercedes pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta, wọ́n ń lọ sí Mumbai, mọ́tò lọ sọ ara ẹ̀ mọ́ ògiri afárá. Àwọn méjì tó wà níwájú so bẹ́líìtì, wọ́n fara pa gan-an ṣùgbọ́n wọ́n yè é. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn, tí Mistry jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọlọ́pàá ní wọn ò so ó, àwọn méjèèjì ló kú. Mọ́tò kan náà, ògiri kan náà, àsìkò kan náà, mọ́tò olówó ńlá sì ni o. John Nash, onímọ̀ ìṣirò tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1994, ẹ̀yìn takisí lòun àti ìyàwó ẹ̀ wà ní New Jersey lóṣù karùn-ún ọdún 2015, ẹ̀bùn míì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà bọ̀ láti Norway, ọ̀nà ilé láti pápákọ̀ òfúrufú ni wọ́n wà, takisí gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ju tọkọtaya síta, àwọn méjèèjì lọ, ọlọ́pàá ní ó jọ pé wọn ò so bẹ́líìtì. Èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀, ti Ọmọọba Diana ilẹ̀ Bìrìtéènì ní Paris lọ́dún 1997, ẹ̀yìn lòun náà jókòó sí, nígbà tí ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ikú ẹ̀ ní London parí iṣẹ́ lọ́dún 2008, wọ́n ka àìso bẹ́líìtì mọ́ ohun tó fa ikú náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WHO sọ pé bẹ́líìtì lè dín ewu ikú ẹni tó wà níwájú kù tó nǹkan bí ìdajì, ti ẹni ẹ̀yìn náà sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ohun tí ìṣirò yẹn ò kà ni pé ẹni ẹ̀yìn tí kò so ó, kì í ṣe ara ẹ̀ nìkan ló ń wu léwu. Ẹni tó wúwo kìlógíráàmù 60, nínú ìkọlù eré 50, agbára tó máa fi lu síìtì iwájú lè ju ti ẹrù 800 kìlógíráàmù lọ. Dírẹ́bà tó so tiẹ̀ dáadáa wá wà láàárín bẹ́líìtì níwájú àti ìyá ẹ̀ tó ń bọ̀ látẹ̀yìn. Torí náà nígbà tí ìyá bá ní "ẹ fi mí sílẹ̀, èmi ti dàgbà, ikú ò bà mí lẹ́rù mọ́", ẹ sọ fún wọn pé dírẹ́bà tó wà níwájú wọn ṣì fẹ́ dàgbà.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé àwa nìkan là ń ṣàwáwí. Nils Bohlin, ẹnjiníà ọmọ Sweden, ló ṣe bẹ́líìtì olójú mẹ́ta tá à ń lò yìí, èyí tó so mọ́ mọ́tò níbi mẹ́ta, fún iléeṣẹ́ mọ́tò Volvo lọ́dún 1959. Kó tó débẹ̀, iléeṣẹ́ Saab tó ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú ló wà, iṣẹ́ síìtì tó ń ta awakọ̀ òfúrufú jáde nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ já ló ń ṣe ńbẹ̀, torí náà ó mọ ibi tára èèyàn lè gbà á dé. Volvo ò sì dá a dì mọ́ra, wọ́n ní kí iléeṣẹ́ mọ́tò tó bá wù ú máa lò ó. Síbẹ̀ ó di ọdún 1970 kí ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia tó kọ́kọ́ fòfin mú èèyàn so ó, ní Bìrìtéènì ó di 1983, iwájú nìkan sì ni, ó tún di 1991 kí wọ́n tó rántí àgbàlagbà tó ń jókòó sẹ́yìn. Òfin gan-an pẹ́ kó tó wo ẹ̀yìn.

Ohun tí mo wá ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé àwọn tó tiẹ̀ fẹ́ so ó pàápàá, ọ̀pọ̀ ò so ó bó ṣe yẹ. Ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì, egungun ìbàdí ló yẹ kó gbà kọjá, lókè itan níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe orí ikùn. Tó bá wà lórí ikùn, tí jàǹbá bá dé, ó máa rì wọ inú rírọ̀ ni, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló máa kó o. Apá òkè ẹ̀ kó gba àárín èjìká kọjá sí àárín àyà, kó má ha ọrùn, kó má sì yọ̀ kúrò ní èjìká. Àwọn tó ń fi í sábẹ́ apá torí kí aṣọ má rún, egungun ìhà ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Àwọn tó ń fi í sẹ́yìn nítiwọn, ìdajì bẹ́líìtì ni wọ́n so. Kó má lọ́, kó má dẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ̀ tán ẹ fa apá òkè sókè díẹ̀ kó lè fún mọ́ ìbàdí. Ẹni tó bá dẹ síìtì sẹ́yìn tó sùn gbalaja, bẹ́líìtì ò kan àyà ẹ̀ mọ́, abẹ́ ẹ̀ ló máa gbà yọ́ lọ síwájú.

Aláboyún ni wọ́n máa ń bi mí jù. Kí wọ́n so ó ni o, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìsàlẹ̀ kó wà lábẹ́ oyún pátápátá, kó tẹ́ mọ́ ìbàdí, apá òkè kó gba àárín ọmú méjèèjì kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, ohunkóhun ò gbọdọ̀ gba orí oyún kọjá. Àwọn tó ní bẹ́líìtì á pa ọmọ inú, ohun tó ń pa ọmọ inú ni kí ìyá ẹ̀ fikùn lu sitíárìn.

Ẹ wá yẹ bẹ́líìtì náà wò fúnra yín. Ẹ rọra fà á, á máa tẹ̀lé yín jẹ́jẹ́. Ẹ wá já a lójijì, ó yẹ kó gbà dúró kpá, kò gbọdọ̀ lọ mọ́. Ohun kékeré kan wà nínú ẹ̀ níbi tó ká sí, tí mọ́tò bá tẹ bíréèkì gidi tàbí tẹ́ ẹ bá já a, nǹkan yẹn á mi, á sì há eyín irin tó ń yí. Tẹ́ ẹ bá já a tí ò há, tàbí tó bá ti ń ya létí, tí oòrùn ti jẹ ẹ́ tó ti gan, kò wúlò mọ́. Bẹ́líìtì tó bá ti gba jàǹbá ńlá kan kọjá náà, pípààrọ̀ ni, torí òwú ẹ̀ ti nà, àti pé nínú àwọn mọ́tò òde òní ẹ̀tù kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń yìn láti fà á mọ́ ara èèyàn kíá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yìn. Mẹkáníìkì tó bá ní ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Nǹkan méjì tó ń bí mi nínú. Ìkínní ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ tí èèyàn á kì bọ ihò bẹ́líìtì kí mọ́tò má baà ké pìì-pìì-pìì mọ́. Ẹ rò ó wò, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má kú, ẹ wá fowó ra nǹkan tẹ́ ẹ máa fi dí i lẹ́nu. Ìkejì ni aṣọ síìtì. Mo ti wọ mọ́tò tó pọ̀ tó jẹ́ pé bí mo ṣe ní kí ẹni ẹ̀yìn so bẹ́líìtì, ẹ̀ẹ́ rí i tó ń fọwọ́ tálẹ̀ sábẹ́ ìdí ara ẹ̀, ó ń wá ihò, kò rí i, torí pé látìgbà tí wọ́n ti wọ aṣọ fún síìtì ni wọ́n ti bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀, bẹ́líìtì ń bẹ lókè, ibi tó máa wọ̀ ò sí. Ẹ gé ojú ibẹ̀ jàre. Tí airbag, àpò tó ń wú jáde lójijì nígbà jàǹbá, bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìtì, ìyẹn níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára síìtì, aṣọ tí kì í ṣe tiẹ̀ lè má jẹ́ kó bẹ́ jáde.

Ti àwọn ọmọ gùn o, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Jàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù káàkiri ayé, láti ọmọ ọdún 5 títí dé 29, WHO náà ló sọ ọ́. Gbígbé ọmọ lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ààbò, ẹ dákun. Ọmọ tó wúwo kìlógíráàmù 10, nínú ìkọlù eré 50 yẹn, á fa ọwọ́ ìyá ẹ̀ bí ẹrù tó ju 100 kìlógíráàmù lọ, kò sí ìyá tó lè dì í mú, ìfẹ́ kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Tí ìyá náà ò bá wá so bẹ́líìtì, gbogbo ara ẹ̀ ló máa tẹ ọmọ náà mọ́ síìtì iwájú. Tó bá sì fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo gbá ara ẹ̀ àti ọmọ pọ̀, ìyẹn náà burú púpọ̀ fún ọmọ yẹn, torí àárín bẹ́líìtì àti ara ìyá ẹ̀ ló máa há sí.

Síìtì ọmọdé ni. Ìkókó kó kọjú sẹ́yìn mọ́tò, ìdí ẹ̀ sì rọrùn: orí ọmọ tóbi ju ara ẹ̀ lọ, ọrùn ẹ̀ ò tíì gbó, tó bá kọjú síwájú tí mọ́tò forí sọ nǹkan, ara á dúró, orí á fẹ́ já lọ. Ṣùgbọ́n tó bá kọjú sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ àti orí ẹ̀ ni síìtì á jọ gbé pọ̀. Òfin tuntun tí wọ́n ń lò fún síìtì ọmọ ní Yúróòpù ní ó kéré tán kó di oṣù 15 kó tó kọjú síwájú, ní Sweden ọ̀pọ̀ ń fi í síbẹ̀ títí tí ọmọ fi ń tó ọdún mẹ́rin. Ẹ má wo ti pé ẹsẹ̀ ọmọ ti gùn tó ká a kò, ẹsẹ̀ kíká ò pa ọmọ rí. Síìtì tó ń kọjú sẹ́yìn yìí, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e síwájú níbi tí airbag wà tó ń ṣiṣẹ́ o, láéláé, torí airbag ń jáde pẹ̀lú eré tó lè ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan, ẹ̀yìn síìtì yẹn gẹ́lẹ́ ló máa gbá, níbi tórí ọmọ wà. Ẹ̀yìn ni kí gbogbo ọmọ tí ò tíì pé ọdún 13 máa jókòó sí.

Bẹ́ ẹ bá ti dè é tán, ẹ fọwọ́ méjì fún okùn tó wà léjìká ọmọ bí ìgbà téèyàn ń já ẹnìkan ní èékánná, tó bá fi lè ká sọ́wọ́ yín, kò tíì fún tó. Ẹ mi síìtì náà fúnra ẹ̀ níbi tí bẹ́líìtì ti gbà á kọjá, kò gbọdọ̀ rìn ju sẹ̀ntímítà méjì ààbọ̀ lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ní irin kékeré méjì tó fara pamọ́ láàárín ibi ìdí àti ibi ẹ̀yìn síìtì, ISOFIX ni wọ́n ń pè é, síìtì ọmọ á kàn há mọ́ ọn ni, kò ní sí pé èèyàn ń bá bẹ́líìtì jìjàkadì. Ọ̀pọ̀ ló ní in tí wọn ò mọ̀, ẹ fọwọ́ wá a. Ọmọ tó bá ti ju síìtì yẹn lọ, kó jókòó lé èyí tó ń gbé e sókè, torí bẹ́líìtì mọ́tò, ara àgbà ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ní Bìrìtéènì títí tí ọmọ á fi ga tó sẹ̀ntímítà 135 tàbí tó máa fi pé ọdún 12 ni, ní Jámánì 150 ni wọ́n fi gíga tiwọn sí. Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí ni pé ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn ti síìtì dáadáa, tí orúnkún ẹ̀ ò bá tíì ká sílẹ̀ létí síìtì, tí bẹ́líìtì sì ń gba ọrùn ẹ̀, kò tíì tó.

Ẹ jẹ́ n fi airbag kún un níwọ̀nba. Airbag kò rọ́pò bẹ́líìtì, àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe fún ara wọn. Kò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń kún, ẹni tí kò so bẹ́líìtì ti wà lórí ẹ̀ kó tó kún tán, ó wá di ìgbájú gidi. Dírẹ́bà kó jìnnà sí àárín sitíárìn tó sẹ̀ntímítà 25, àwọn tó kúrú kí wọ́n gbé síìtì sókè dípò kí wọ́n fà á mọ́ sitíárìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbẹ́sẹ̀ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, orúnkún yẹn ni airbag máa fi fọ́ yín lójú. Tí iná airbag bá ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń sọ fún yín pé òun ò ní jáde tẹ́ ẹ bá nílò òun, kì í ṣe gílóòbù lẹ máa yọ. Ẹni tó ra mọ́tò tí ẹlòmíì ti lò kó bi léèrè bóyá airbag tó ti jáde rí ni wọ́n fi ike bò lásán. Ti Takata náà ò tíì tán nílẹ̀ o, iléeṣẹ́ Japan tí wọ́n kó airbag ẹ̀ padà lára àìmọye mílíọ̀nù mọ́tò, torí ẹ̀tù tí wọ́n fi ń wú u máa ń bà jẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, tó bá wá yìn, irin inú ẹ̀ á fọ́, á sì ta lu èèyàn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò yín, á sọ fún yín bóyá ó kàn yín. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀.

Bàbá tún ní mọ́tò àtijọ́ ló le, pé ti ìsinsìnyí dà bíi páálí. Ẹ̀n-ẹ́n, ó rún, wọ́n ṣe é kó rún ni. Lọ́dún 2009, IIHS, àjọ tó ń yẹ ààbò mọ́tò wò ní Amẹ́ríkà, mú Chevrolet Bel Air ọdún 1959 àti Chevrolet Malibu ọdún 2009, wọ́n ní kí wọ́n forí gbárí ní bíi kìlómítà 64. Ère tí wọ́n fi ṣe dírẹ́bà sínú Bel Air, ká ní èèyàn ni, kò ní yè é rárá, irin líle yẹn wọlé wá bá a ni. Ti Malibu, ẹsẹ̀ nìkan ló lè fara pa díẹ̀. Ẹ̀ ń wòye pé ẹnu mọ́tò kejì yẹn run jégéjégé, ṣùgbọ́n inú tí dírẹ́bà jókòó sí ṣì dúró.

Ìyókù, màá sáré kà á. Ohun tórí ń fẹ̀yìn tì lókè síìtì, ẹ gbé e sókè kó bá àtàrí dọ́gba, tó bá wà lọ́rùn, ọrùn ló máa dá nígbà tí mọ́tò bá gbá yín látẹ̀yìn. ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì gidi, tẹ́ ẹ bá ní in, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ má gbẹ́sẹ̀, tó bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín iṣẹ́ ló ń ṣe, ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń kọ́ máa ń já ẹsẹ̀ kúrò ńbẹ̀ torí ẹ̀rù. Bọ́tìnnì tí wọ́n ya mọ́tò tó ń yọ̀ sí, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀ ló máa pa. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ kà á, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ ta táyà. Létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, irin kékeré kan wà ńbẹ̀ tó jẹ́ tẹ́ ẹ bá yí i ọmọ ò ní lè ṣílẹ̀kùn látinú. Ẹrù tó wúwo kó wọ búùtù, kó má wà lórí síìtì tàbí lẹ́yìn gíláàsì.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ọ̀rọ̀ aláboyún àti ti ìkókó yìí, kíkà á nìkan ò tó, mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún èèyàn lẹ́nu tó sọ fún mi pé òun gbọ́, tó wọ mọ́tò tó tún so ó sórí ikùn. Ẹ bá wa ní kí ayàwòrán yín ya ibi tí bẹ́líìtì máa gbà lára aláboyún àti bí ìkókó ṣe máa kọjú sẹ́yìn nínú síìtì, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gbàgàdà síbi tẹ́ ẹ ti ń kọ̀ròyìn mọ́tò, kéèyàn lè gé e mọ́ ògiri. Tó bá sì fẹ́ rí i bó ṣe rí lójú ayé kó tó yà á, kó wá, mọ́tò tí mo fi ń kọ́ èèyàn wà ńlẹ̀, síìtì ọmọ wà nínú ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ mọ́tò wíwà kan